Mojísọ́lá ní Kyoto: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Márùndínlọ́gọ́rùn-ún

Ọjọ́ 1. Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ilẹ̀ ti ṣú kí bàálù wa tó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kansai, ní Japan. Inú òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ àti òkúta dà sómi títí ó fi di erékùṣù, wọ́n sì ṣí i ní 1994. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, omi dúdú nìkan ni mò ń rí lójú fèrèsé. Mo di àga mú. Àfi gbì, a ti wà lórí ilẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ni wọ́n ti fún mi ní káàdì olùgbé, àwòrán mi ti wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ gbọ́ o: ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa tẹ òǹtẹ̀ sẹ́yìn káàdì yín, ẹ ó sì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 28 lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn á tún lọ tò sórí ìlà níbòmíràn.

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Kyoto, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ọmọbìnrin kan tí ilé-ìwé yàn láti máa ràn mí lọ́wọ́ ti gbé bébà tó kọ orúkọ mi sí dání. Ó mú mi lọ sí àdúgbò Demachiyanagi, níbi tí odò méjì ti pàdé di odò Kamo. Ilé onígi alókè kan ni. Ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló ni ín. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń fi yàrá mẹ́ta tó wà lókè gba akẹ́kọ̀ọ́. 32,000 yẹ́nì ni tèmi lóṣù, nínú 80,000 tí JASSO, àjọ tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Japan, ń fún mi.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ ni àwọn náà kúnlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n tẹrí ba títí iwájú orí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àgbàlagbà ń kúnlẹ̀ fún mi! Ẹ̀rù bà mí, mo tún rẹ ara mi sílẹ̀ sí i. "Irasshai" ni wọ́n ń wí. Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò wọlé nìyẹn.

Láti pápákọ̀ ni orúkọ mi ti di Mojisora, nítorí èdè wọn kò ya "l" sọ́tọ̀ kúrò lára "r". Ìyá Àgbà ní kí n tún un pè, wọ́n fi ìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ojú wọn sì là. Ọmọbìnrin yẹn ṣàlàyé fún mi: lédè wọn, moji ni lẹ́tà tí a ń kọ, sora sì ni ojú ọ̀run. Mo sọ tiwa fún wọn, pé mo jí sínú ọlá. Láti alẹ́ yẹn, Sora-san ni mò ń jẹ́ nínú ilé.

Ọjọ́ 2. Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án

Bí èèyàn bá ti ríbi dé sí, kí ọjọ́ 14 tó pé, ó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò. Ibẹ̀ náà ni mo ti gba ìwé ìlera ìjọba. Tí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni màá san, ìyókù di ti ìjọba. Ẹni tó bá ti pé ogún ọdún, kí ó béèrè fọ́ọ̀mù ìdásílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ìwé owó má baà máa tẹ̀ lé e kiri.

Àdírẹ́sì Kyoto dùn mọ́ mi. Láti 794 tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ni wọ́n ti la títì rẹ̀ ní ìbú àti òró. Wọ́n á sọ orúkọ títì méjì tó pàdé, wọ́n á wá ní "gòkè" tàbí "sọ̀ kalẹ̀". Gòkè ni àríwá, níbi tí ààfin wà. Sọ̀ kalẹ̀ ni gúúsù. Èmi tí mo ti ń júwe ilé wa ní Ìbàdàn pé "tí ẹ bá ti rí ìyá alákàrà, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ", ó tètè yé mi.

Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ padà. Ẹ̀yìn la ti ń wọlé, iwájú la ti ń jáde, ìgbà tí a bá ń jáde la ń sanwó: 230 yẹ́nì, ibi yòówù tí o bá sọ̀ láàárín ìlú. (Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 tí mò ń kọ èyí, yẹ́nì kan lé díẹ̀ ní náírà 11.) Inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni ò gba fóònù. Nígbà tó kàn mí láti sanwó, bébà 10,000 nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà kò sì gba bébà tó ju 1,000 lọ. Èèyàn bíi mẹ́wàá tò sẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó pòṣé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì wọ̀ mí lára ju kí wọ́n pariwo lé mi lórí lọ. Obìnrin kan na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó ka owó wẹ́wẹ́ 230 sínú àpótí, ó sì tẹrí ba fún mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é lóore. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti yà sí kọ̀rọ̀ kan. Ẹ ra ICOCA, káàdì tí a fi ń sanwó ọkọ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé: 2,000, 500 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdógò tí ẹ ó gbà padà.

Nígbà tí mo wọlé, Ìyá Àgbà ti ń dúró. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wọlé láìsọ "tadaima", ìyẹn ni pé mo ti dé. Mo sọ ọ́. Wọ́n dá mi lóhùn: "Okaeri." Kì í ṣe irasshai ti àná mọ́. Ará ilé tó lọ tó bọ̀ ni wọ́n ń sọ okaeri fún. Bí mo bá sì ń jáde, "ittekimasu", mò ń lọ mò ń bọ̀. Àwọn á ní "itterasshai", lọ kí o sì bọ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tán, "otsukaresama", ẹ kú làálàá. Èmi tí mo rò pé kò sẹ́ni tó tún ní "ẹ kú" lẹ́yìn wa.

Ọjọ́ 4. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹsàn-án

Àpò ìdọ̀tí mi padà wálé.

Ìdọ̀tí tí iná lè jó, inú àpò ọ̀rá aláwọ̀ yẹ́lò ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kó o. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ta àpò náà, owó àpò náà sì ni owó ìkólẹ̀: ti lítà 45 jẹ́ 45 yẹ́nì ẹyọ kan. Agolo, ìgò àti ike ohun mímu ní àpò tiwọn, àpò tí a lè rí inú rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi di oúnjẹ ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lánàá, mo gbé e sábẹ́ àwọ̀n tí wọ́n fi ń bò ó kí kannakánná má baà tú u. Àwọn tó ń kólẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ọn, wọ́n sì fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Àgbà fúnra wọn ló gbé e wálé, ojú sì tì mí gidigidi. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tì í, a jọ tú u. Wọ́n mú ike omi kan, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n bó ọ̀rá ara rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n fi omi ṣan inú rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ike kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì ló gbà lọ. Wọ́n wá fún mi ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ 6. Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹsàn-án

Mo wá ẹ̀fọ́ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ilé. Ìrẹsì kílò márùn-ún ti lé ní 3,000 yẹ́nì. Ìyá Àgbà ní nǹkan bíi 2,000 làwọn ń rà á lọ́dún tó kọjá, àti pé nínú oṣù Kẹjọ, pẹpẹ ìrẹsì ṣófo káàkiri. Kò sí ata rodo. Ata gígùn tó gbẹ wà, ó ta díẹ̀. Ilá wà nínú àwọ̀n kékeré, mẹ́jọ mẹ́jọ; okura ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn ará Ìgbò ń pè é ló gba ẹnu Òyìnbó kọjá dé ibí. Ibi tí mo ti ń mú un ni ojú mi bọ́ sórí ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dúró. Mo gbé àpò náà súnmọ́ ojú. Etí ewé náà rí ṣakaṣaka bí eyín ayùn, irun méjì tín-ín-rín sì yọ ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti pàdé igi rẹ̀, bí irùngbọ̀n ẹja àrọ̀. Ewé wo ló tún ní irun méjì yẹn?

Ewédú ni. Moroheiya ni wọ́n kọ sí i lára, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, nítorí ìlú Íjíbítì ni òkìkí rẹ̀ ti gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. 158 yẹ́nì ni àpò kan. Mẹ́rin ni mo kó, omi sì ti ń gbọ́n lójú mi kí n tó dé ibi tí a ti ń sanwó.

Wàyí o, kò sí káún, kò sí irú, kò sí ìjábẹ̀. Dípò káún, mo bu ìyẹ̀fun sódà díẹ̀, kò tó ìdajì ṣíbí kékeré. Dípò irú, mo lo natto, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n sì bò mọ́lẹ̀ títí ó fi kan. Ẹ̀dá tíntìntín kan náà tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú àti nínú natto, ìdí nìyẹn tí òórùn wọn fi bára tan. Páálí mẹ́ta kò ju nǹkan bíi 100 yẹ́nì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, ẹ má fi irú há àpò.

Ti ìjábẹ̀ ló kù. Mo ń fi fọ́ọ̀kì gbo ewé inú ìkòkò nígbà tí Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n wò mí títí. Mo fi ọwọ́ júwe ohun tí mò ń wá fún wọn: ìgbálẹ̀ kékeré, kúkurú, báyìí, ṣàà ṣàà ṣàà. Wọ́n jáde. Wọ́n padà pẹ̀lú chasen kan, ohun tí wọ́n fi ń po tíì aláwọ̀ ewé: ọ̀pá oparun kan péré tí wọ́n la orí rẹ̀ sí ọ̀já wẹ́wẹ́ bí irun ìgbálẹ̀, tó sì rọ́ wálé ní ẹnu. Ọ̀já bíi márùn-ún ti ṣẹ́ lára rẹ̀, kò dára fún tíì mọ́. Mo tì í bọ inú ìkòkò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí ewédú fi jà kúnná, ó ń hó wùkẹ̀wùkẹ̀, ó ń fà láti ìkòkò dé ẹnu ṣíbí.

Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò. "Neba-neba," ni wọ́n wí, wọ́n fi ìka méjì ṣàpẹẹrẹ okùn tó ń fà. Àwọn náà ní irú ọ̀rọ̀ wa yẹn, tí ohùn rẹ̀ nìkan ti fi ohun náà hàn ọ́: fuwa-fuwa fún ohun tó rí múlọ́múlọ́, zaa-zaa fún òjò tó ń rọ̀ wàà. Mo fún wọn ní "yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀" ní pàṣípààrọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn náà rin iṣu fún mi. Iṣu wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n bá sì rin ín tán, ó ń fà ju ilá lọ. Tororo ni wọ́n ń pè é, orí ìrẹsì gbígbóná ni wọ́n ń dà á lé. (Ẹ má fi iṣu tiwa dán an wò láìsè é.) Wọ́n sọ fún mi pé ewédú ò ní pẹ́ kúrò lọ́jà tí òtútù bá ti ń wọlé. Mo padà lọ ra àpò mẹ́wàá, mo bọ̀ ọ́, mo dì í sínú fíríìsà.

Ọjọ́ 9. Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹwàá

Kíláàsì èdè. Olùkọ́ kọ "hashi" sójú pátákó, ó ní ọ̀rọ̀ méjì ni: afárá, àti igi méjì tí a fi ń jẹun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Jámánì àti Faransé ní àwọn ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Etí mi ti gbé e kó tó pè é tán. Tí ohùn bá ga níbẹ̀rẹ̀ tó wá wálẹ̀, igi ìjẹun ni; tó bá wà nílẹ̀ tó wá gòkè, afárá ni. Ìwé wa fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi í hàn, ìlà tó ń gùn tó sì ń sọ̀ bí àtẹ̀gùn. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní ọkọ̀ àti ọkọ́, ìgbà àti igbá, ìlà yẹn kò lè dẹ́rù bà á.

Mo délé, mo fi han Ìyá Àgbà. Wọ́n mirí. Wọ́n ní ohùn Tokyo nìyẹn, ti Kyoto yí padà: ohun tó jẹ́ afárá lọ́hùn-ún, igi ìjẹun ni níbí. Mo rántí ìyá mi tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú àti bàbá mi tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́.

Wọ́n tún kọ́ wa ní orúkọ ìbátan. Èdè wọn kò ní kó o ṣáà sọ pé ọmọ ìyá rẹ. O gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Olùkọ́ ní àwọn àlejò máa ń rojú sí i. Mo nawọ́, mo ní tiwa náà ò gbà kí á da ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ àbúrò.

Ọjọ́ 17. Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹwàá

Mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, 9,000 yẹ́nì. Kyoto tẹ́jú, ìlú oníkẹ̀kẹ́ ni. Ìyá arúgbó ń gùn ún, abiyamọ ń gbé ọmọ méjì sórí rẹ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ náà, kí ó lè rí i padà tí wọ́n bá jí i. Láti oṣù Kẹrin 2018 ni òfin Kyoto sì ti ní kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ní ìwé ìdójútòfò, nítorí ẹni tí èèyàn lè fi gbá. Oníṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi bá mi ṣe méjèèjì pọ̀, ó sì tún àga rẹ̀ gbé sókè fún mi láìgba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ 32. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kẹwàá

Mo so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kan láàárín ìlú. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Igbe ni mo fi bọnu. Ọmọkùnrin kan tó ń ta kọfí níwájú ibẹ̀ jáde wá, ó fi ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ hàn mí. Wọn ò jí i. Ibi tí wọn ò gbà kí á gbé kẹ̀kẹ́ sí ni mo gbé e sí, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ kó o. Ó ya àwòrán ọ̀nà fún mi sẹ́yìn rìsíìtì.

3,500 ni owó ìgbà-á-padà, ó lé ní ìdá mẹ́ta owó tí mo fi rà á. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gba owó, ó kọ rìsíìtì, ó tẹ táyà ẹ̀yìn mi wò, ó ní kí n dúró, ó sì lọ gbé pọ́ǹpù wá. Ó fẹ́ ẹ títí ó fi le gbandi. Ẹ máa wá ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí. Owó rẹ̀ fún ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjìyà.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, òfin tuntun tún máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Japan: ẹni tó bá ń tẹ fóònù lórí kẹ̀kẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san tó 100,000 yẹ́nì. Mo so tèmi mọ́ inú báàgì.

Ọjọ́ 47. Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Kọkànlá

Èlùbọ́ dé! Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ta oúnjẹ ilé wà ní Tokyo, tí èèyàn bá sanwó lónìí, ọ̀la tàbí ọ̀túnla ló dé ẹnu ọ̀nà. Kílò méjì, 3,000, owó ìfiránṣẹ́ lọ́tọ̀. Mo ro àmàlà, mo yọ ewédú kan nínú fíríìsà, mo se ọbẹ̀ ata ẹran adìyẹ. Ọmọ Indonéṣíà tó wà ní yàrá kejì bá mi jẹ ẹ́, ọwọ́ la jọ fi jẹ ẹ́. Wọ́n ń fọwọ́ jẹun lọ́dọ̀ tiwọn náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin obìnrin: ẹ dirun kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì kó irun ìdì àti òróró irun tó máa tó yín dání. Mi ò tíì rí onídìrí kankan nítòsí mi. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi di tèmi níwájú dígí.

Ọjọ́ 66. Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Kọkànlá

Òtútù Kyoto kì í ti ojú ọ̀run wá, ilẹ̀ ló ti ń yọ. Ẹsẹ̀ ló ti ń gun èèyàn. Ilé onígi kò sì dì í sẹ́yìn rárá. Ikọ́ mú mi dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Àgbà ni wọ́n mú mi lọ rí dókítà, wọ́n sì jókòó tì mí títí wọ́n fi pè mí. Pẹ̀lú ìwé ìlera yẹn, owó àyẹ̀wò àti oògùn kò tó 3,000.

Nílé, wọ́n se ìrẹsì olómi fún mi, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n fi èso kan tó kan tó sì níyọ̀ gan-an sáàárín rẹ̀, pupa bí ojú òòrùn. Wọ́n gbé kotatsu jáde: tábìlì kúkurú tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ ìbora nínípọn bò. Mo ki ẹsẹ̀ mi bọ abẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi yá láti ọ̀sẹ̀ náà. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ìyá Àgbà tẹrí ba síwájú fóònù, ìyá mi ń wí pé, "Ẹ ṣé o, Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ." Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè èkejì rẹ̀, mi ò sì tètè túmọ̀, nítorí ẹkún ti gbà mí lọ́nà ọ̀fun.

Ọjọ́ 95. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kejìlá

Àdúgbò gún mochi lónìí, ìrẹsì gígún fún ọdún tuntun. Wọn kì í gún un ní ọjọ́ 29, nítorí ìró ẹẹ́sàn-án, "ku", jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìyà. Mo gbọ́ dùùm, dùùm láti òkè, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó mọ̀. Odó! Odó ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí iwájú ilé.

Odó wọn fẹ̀, ó kúrú ju tiwa. Ọmọ odó wọn kò dúró ṣánṣán. Ó ní ọwọ́ bíi ti òòlù ńlá, èèyàn á gbé e gba orí èjìká. Ìrẹsì kan tó máa ń lẹ̀ ni wọ́n fi ooru sè, wọ́n dà á sódó gbígbóná. Ẹnì kan ń gún, ẹnì kejì jókòó tì í, ó ń rẹ ọwọ́ sómi, ó ń yí i padà láàárín ìgúnsí kan sí ìkejì. Bí wọn ò bá jọ wà lórí ìlù kan náà, ọwọ́ á fọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pariwo pọ̀: "Yoisho! Yoisho!"

Wọ́n fún mi ní ọmọ odó. Mo ní mo mọ iyán í gún, nílé wa èmi ni mò ń gún un lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ìkíní, mo gbá etí odó, èérún igi bọ́ sínú mochi. Bàbá tó ń yí i ṣa èérún náà kúrò pẹ̀lú sùúrù, ó ní kí n jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, apá mi ti bá a mu. Ó funfun, ó ń dán, ó ń fà. Bó bá ṣe pé mo di ojú, màá ní iyán ni.

Mo yọ ewédú tó kẹ́yìn nínú fíríìsà, mo fi chasen jà á, mo gbé e jáde. Mochi le ju iyán lọ lẹ́nu, kò ṣe é gbé mì bí òkèlè. Àwọn àgbà ń kú lọ́dọọdún nítorí pé ó há wọn lọ́fun, nítorí náà wọ́n gé ti Ìyá Àgbà sí wẹ́wẹ́ bí ìka ọmọ ìkókó. Wọ́n rì í bọ inú ewédú, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì na àwo wọn sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí a padà wọlé, wọ́n bi mí bí a ṣe ń sọ okaeri lédè wa. Mo ní tí ẹ̀yin bá dé, èmi á ní "ẹ káàbọ̀, Mà". Tí èmi bá dé, "káàbọ̀" ni ẹ̀yin máa wí, ẹ ò ní fi "ẹ" sí i, nítorí ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ lókè mi. Wọ́n pè é. Ohùn wọn wálẹ̀ níbi tó yẹ kó ga. Mo tún un pè, wọ́n tún un pè. Wọ́n ní kí n gbé ìwé èdè mi wá, wọ́n wo ìlà tí wọ́n fà sórí hashi, wọ́n wá mú páálí kékeré kan àti búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà tiwọn, カーボ. Wọ́n ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fa ìlà gíga sórí lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ìyókù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè ibi tí a ń bọ́ bàtà sí.